Ìgò Onídèérí Funfun

Ọkọ mi kò ṣeré bọ́ọ̀lù kankan rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ pápá wa tó o. Iṣẹ́ páìpù ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti àárọ̀, abẹ́ síńkì àti ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ àwọn èèyàn lẹ ti máa rí i, níbi tó ti ń bá omi jà kó má baà jò. Tó bá wá di ọjọ́ eré, á tún rọ omi sínú ìgò, á máa sá kiri orí pápá láti fún àwọn tó ń ṣeré mu. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Olómi. Mo máa ń sọ fún un pé ọkùnrin tó ń dá omi dúró lówùúrọ̀, tó tún ń pín in kiri nírọ̀lẹ́, kò tíì mọ ohun tó ń wá. Á rẹ́rìn-ín, á ní kí n bá òun wá ìbọ̀sẹ̀ òun.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ ìgò yẹn o. Nínú rọ́gíbì tí àwọn tiwa ń ṣe, ẹni mẹ́tàlá ló máa ń wà níhà kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù wọn rí bí ẹyin ńlá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, ẹ̀yìn nìkan lèèyàn sì lè jù ú sí. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ síwájú, kó gbé e sáré, kí àwọn òkè èèyàn tó wà níwájú gbé òun náà ṣánlẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé yín ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ ti sọ bọ́ọ̀lù nù nìyẹn, ó di ti àwọn kejì. Inú ẹ̀ẹ̀mẹfà yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Kóòṣì kò sì gbọdọ̀ tẹ orí pápá. Tó bá pariwo láti ẹ̀gbẹ́, ṣé àwọn ọ̀tá kò létí ni? Ẹni tó lè sáré wọlé nígbà tí eré bá dúró díẹ̀, tó lè sún mọ́ àwọn ọmọ wa, ẹni tó gbé omi ni.

Kóòṣì fi ọgbọ́n ṣe é. Ìgò méjì ni ọkọ mi máa ń gbé dání, ọ̀kan ní ìdérí pupa, ọ̀kan ní ìdérí funfun. Èyí tó bá nà sí ẹni tó wọ nọ́ńbà méje, ìyẹn ẹni tó ń darí eré, òun ni iṣẹ́ tí Kóòṣì rán. Pupa túmọ̀ sí pé kí nọ́ńbà méje gbé bọ́ọ̀lù wọlé fúnra rẹ̀. Funfun túmọ̀ sí pé kó jù ú sápá ọ̀tún. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀. Ọkọ mi a sì máa fi iṣẹ́ yìí yangàn. Bí wọ́n ṣe rán an náà ni yóò jẹ́ ẹ, kò ní fi kún un, kò ní yọ nínú ẹ̀. Tí mo bá rán an ní ọjà, yóò gbàgbé ìdajì. Ṣùgbọ́n lórí pápá, ìgò tí Kóòṣì bá sọ ni ìgò tó máa nà.

Èmi náà ní iṣẹ́ tèmi nínú ẹgbẹ́ yẹn. Aránṣọ ni mí. Tí jẹ́sì wọn bá ya, èmi ni mo ń lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn eré, mo máa ń dúró pẹ̀lú agbọ̀n mi lẹ́nu yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, kí wọ́n máa ju àwọn aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ náà sí mi. Kò sẹ́ni tó lè purọ́ fún mi pé òun ṣiṣẹ́. Mo máa ń wo aṣọ, màá sì mọ̀.

Nọ́ńbà méje yẹn, àbúrò ọkọ mi ni. Nígbà tí mo wọ ilé yìí, ọmọ kékeré ni, ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kò sì sí ẹlòmíràn tó máa tọ́ ọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, mo bá fún un ní tèmi. Mo pè é ní Eyínfúnjowó, torí eyín rẹ̀ funfun báláú nígbà yẹn. Rọ́gíbì ti yọ méjì níbẹ̀ báyìí, iwájú gan-an ni méjèèjì sì wà. Orúkọ náà ti di irọ́, mi ò pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo yọ eyín.

Torí ẹ̀ ni Olómi ṣe di olómi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ṣubú lórí pápá tí kò tètè dìde, ọkọ mi fẹ́ sáré wọlé, wọ́n dá a dúró lẹ́nu ìlà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè kọjá àfi ẹni tó bá níṣẹ́ níbẹ̀. Kò bá wọn jà. Nígbà tí eré mìíràn fi máa dé, ó ti lọ wáṣẹ́ síbẹ̀. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá gbé ọ̀rọ̀ sọ́kàn, ẹṣin ò lè wọ́ ọ kúrò níbẹ̀.

Ọgbọ́n eré wa kò pọ̀. Ọ̀kan tó ṣe gúnmọ́ la ní, a sì ń pè é ní Ilẹ̀kùn. Bí a bá ti sún mọ́ ìlà ìparí àwọn ọ̀tá, Eyínfúnjowó á ṣe bí ẹni fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sápá ọ̀tún, gbogbo ojú á yí síbẹ̀. Òun á wá tẹ orí ba, á fi èjìká òsì ṣíwájú, á gba àárín òkè èèyàn méjì kọjá, bí ẹni tó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn tó há. Tó bá ti fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà, a ti jẹ nìyẹn. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ta ní ń fi òpó kan ṣoṣo gbé ilé ró? Kó tó di àárín ọdún, kò sí ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ la máa gbà. Wọ́n á to àwọn tó tóbi jù lọ síbẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n dúró de èjìká òsì yẹn. Tí bọ́ọ̀lù bá sì wà lọ́wọ́ tiwọn, òun náà ni wọ́n á máa sáré kọ lù, kó lè ti rẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ wa tó kan bọ́ọ̀lù. Jẹ́sì ni mo fi mọ̀. Ti àwọn yòókù máa ń ya láyà tàbí lẹ́yìn. Tirẹ̀, èjìká òsì ni, ọ̀sẹ̀ wọlé ọ̀sẹ̀ jáde, títí tó fi jẹ́ pé aṣọ ni mò ń lẹ̀ lé orí aṣọ níbẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nǹkan ò dáa fún wa rárá. Eré kan ló kù. Tí a bá pàdánù rẹ̀, a máa já sí ìpele ìsàlẹ̀. Ẹni tó ni pápá ti sọ pé òun kò ní máa gé koríko fún ẹgbẹ́ ìpele ìsàlẹ̀. Kóòṣì ò sùn mọ́, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, irùngbọ̀n rẹ̀ hù sí ọ̀tún ju òsì lọ torí pé kò wo dígí fá a. Àsìkò yẹn náà ni a gbọ́ pé ẹgbẹ́ ńlá kan tó wà ní ìlú tó jìnnà máa rán ọkùnrin méjì wá wo Eyínfúnjowó ní eré ìkẹyìn náà. Tó bá wù wọ́n, wọ́n máa mú un lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń yọ̀ mọ́ ọn. Ilé ìkẹ́rùsí ló ti ń bá wọn já ẹrù láàárọ̀, kò kàwé púpọ̀, kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Eré yìí nìkan ló mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dé góńgó.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A jókòó sí kíṣìnì, ó ń mu tíì, ọwọ́ òsì ló fi mú ife. Mo rí i pé ọwọ́ náà kàn là sílẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ gbàgbé pé òun mú nǹkan dání. Ife fọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ife náà ń yọ̀. Mo gbé òmíràn fún un, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó bá mi di òpin òwú mú kí n fi gé e. Mo fi òwú náà sí ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ń wojú mi, kò mọ̀ pé òwú ti bọ́ sílẹ̀. Mo pe ọkọ mi, mo ní kó wá bá mi bi àbúrò rẹ̀ pé kí ló ń ṣe é.

Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Olómi kò pariwo mọ́ ọn, ó kàn jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí kò sì kúrò. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ jáde. Ó ti lọ rí dókítà ní ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ya àwòrán eegun ọrùn rẹ̀. Eegun kan ti yẹ̀ níbẹ̀, ó ń tẹ iṣan tó lọ sí ọwọ́ òsì. Dókítà ní kó má ṣeré mọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Ó ní tí nǹkan bá tún kọ lù ú níbẹ̀ dáadáa, ó lè má rìn mọ́ láyé. Ọmọ yìí gbọ́ ọ, ó dúpẹ́, ó sì padà wá ṣeré lọ́sẹ̀ yẹn. Ó tún ṣe òmíràn lé e.

Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Mo bi í pé àwọn tó ń bọ̀ wá rà á, ṣé wọn ò ní yẹ ara rẹ̀ wò ni? Ó ní orúnkún ni wọ́n máa ń wò. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn ló mọ̀, orúnkún ni wọ́n máa ń wò. Mo wò ó, àánú rẹ̀ ṣe mí ju ìbínú lọ. Èèyàn tó ti rì máa di koríko mú.

Ọkọ mi ní òun ń lọ sọ fún Kóòṣì. Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, pẹ̀lú ọwọ́ kan tó ṣiṣẹ́ àti ọwọ́ kan tó ká sábẹ́ àyà rẹ̀ bí aṣọ.

Ó ní, “Bọ̀dá mi, eré kan ṣoṣo ló kù. Tí wọ́n bá ti gbà mí, màá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Mo fi ìyá wa bẹ̀ yín, kí ẹnu yín má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá gba èyí lọ́wọ́ mi, kí ló ṣẹ́kù fún mi?”

Kò sí ohun tó ṣẹ́kù lóòótọ́. Ọkọ mi ní òun ti gbọ́, ẹnu òun kò ní sọ ọ́. Ó fi ìyá wọn ṣèlérí.

Ẹ wo bí ọkùnrin ṣe ń gbẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há a lọ́fun. Kò jẹun mọ́. Ó tú ẹ̀rọ omi kíṣìnì wa palẹ̀, èyí tí kò jò, ó tò ó padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ó lọ bá Kóòṣì, ó ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, ó ní bóyá kí wọ́n jẹ́ kí àbúrò òun sinmi, ó ní ó dà bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Kóòṣì bi í pé tí òun bá yọ òpó, ṣé orí Olómi ni òrùlé máa gùn? Kì í ṣe èèyàn burúkú. Tó bá mọ̀ ni, kò ní jẹ́ kí ọmọ náà wọ bàtà. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un? Ṣé èmi ni? Mo ti rò ó. Ọkọ mi ní ìlérí gbogbo ilé ni, kì í ṣe ti òun nìkan, mo bá pa ẹnu mi dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ eré, mo bá a nídìí síńkì, ó ń fọ ìgò. Ó fọ pupa, ó fọ funfun, ó tún mú pupa, ó ń fọ̀ ọ́ padà. Mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣé òun máa wà lórí pápá kí ọrùn ọmọ ìyá òun ṣẹ́ lójú òun? Ó ní òun ti ṣèlérí.

Mo ní, “Ẹnu yín lẹ fi ṣèlérí. Ta ló gba ìlérí lọ́wọ́ ọwọ́ yín? Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.”

Ó pa ẹ̀rọ omi. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó wá ní, “Ìyàwó mi, tí mo bá na ìgò, wọ́n máa ń gbà á gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láàárín wọn nìyẹn.” Mo ní mo mọ̀. Mo mọ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ mo sọ ọ́, mo sì tún máa sọ ọ́ lónìí.

Òjò winniwinni ló ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Pápá kún, kódà àwọn tó ti bú wa látìgbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ wá. Àwọn ọkùnrin méjì náà jókòó sábẹ́ òrùlé, wọ́n wọ kóòtù gígùn, wọn ò pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlà pẹ̀lú agbọ̀n mi. Ojú mi ò kúrò lára èjìká tí mo lẹ̀.

Àwọn ọ̀tá ò fi bò. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kàn wọ́n, òkè èèyàn kan á gbé e, á yà kúrò lọ́nà rẹ̀, á wá Eyínfúnjowó kàn. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan dì wọ́n mú, ó ń fi ẹsẹ̀ há wọn, ó ń ṣubú pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ìsinmi fi máa dé, ọwọ́ òsì ti rọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ó ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú bẹ́líìtì ṣòkòtò, kí ó lè dà bí ẹni tó ń ṣe fàájì. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ wo ọ̀gá, ó ń fi ọwọ́ kan ṣeré. Omi bọ́ lójú mi, mo sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé òjò ni.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, àmì méjì ni wọ́n fi jù wá lọ. Tí a bá wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, àmì mẹ́rin nìyẹn, a ti yè. A ti sún mọ́ ìlà wọn, wọ́n ti gbé wa ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ku ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú tiwa dùbúlẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ mú, rẹfirí fọn fèrè kí wọ́n wá wò ó. Kóòṣì kò tiẹ̀ ronú. Ó di èjìká ọkọ mi mú, mo wà nítòsí, mo gbọ́. Ó ní, “Pupa.”

Olómi sáré wọlé. Mo mọ bó ṣe máa ń sáré, bí ẹni tí bàtà rẹ̀ ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Níwájú wọn, àwọn òkè èèyàn méjì ti dúró sí apá òsì, wọ́n ti dẹ ẹsẹ̀, wọ́n ń retí Ilẹ̀kùn. Èèyàn ò nílò láti mọ rọ́gíbì kó tó mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ọkọ mi dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó dúró. Ó na ìgò. Funfun ni.

Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, òun ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Eyínfúnjowó wo ìgò, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá mi, èyí kọ́.”

Ọkọ mi ní, “Òun ni.”

“Kóòṣì ló ní kí ẹ gbé e fún mi?”

“Mu omi, àbúrò mi.”

Ó mu omi. Láti ìgbà tí Olómi ti gba iṣẹ́ yẹn, kò tíì mu omi tí kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti wá lórí pápá. Rẹfirí fọn fèrè. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ rẹ̀, àwọn òkè èèyàn méjì kó ara wọn jọ, òun sì jù ú sápá ọ̀tún, ó gùn, ó tẹ́jú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi jù ú. Ẹni tí à ń pè ní Àfẹ́fẹ́ ló gbà á. Kò sẹ́ni tó dúró níwájú rẹ̀. Gbogbo pápá dìde. Èmi náà dìde, mo ń pariwo, mo ti rò pé Olúwa ti bá wa fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì. Àfẹ́fẹ́ sáré dé igun, ó fò. Nígbà tó ń fò, ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ tẹ ìlà funfun tó wà létí pápá. Rẹfirí gbé ọwọ́ sókè, ó ní ó ti jáde. Omi tán lẹ́yìn ẹja nìyẹn, a pàdánù.

Mo gbé agbọ̀n mi, mo lọ dúró síbi tí mo máa ń dúró. Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tú bàtà. Àwọn ọkùnrin méjì tó wọ kóòtù ti sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n dúró ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń dúró de ẹni tí wọ́n wá wò. Kóòṣì wọlé, kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo ni. Ó bi ọkọ mi pé ìgò wo ló gbé fún nọ́ńbà méje. Mo rí ọkọ mi tó ń la ẹnu. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló fẹ́ sọ, torí òótọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ níbẹ̀.

Eyínfúnjowó ló dáhùn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ bí nǹkan ẹlòmíràn tó bá a tọ́jú. Ó ní, “Pupa ló gbé fún mi. Èmi ni mi ò lọ. Ẹ̀rù bà mí.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wo èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀ látìsàlẹ̀ wá sókè, pẹ̀lú sùúrù. Nọ́ńbà méje tí ẹ̀rù ń bà, ta ló fẹ́ rà á? Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n mi kọjá, wọ́n kí mi pàápàá, wọ́n ní a kú ìrọ̀lẹ́. Kóòṣì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó fi wá. Ẹnì kan ju jẹ́sì sí mi, mo gbà á sínú agbọ̀n.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi tẹ̀ lé e wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó bi í pé kí ló dé tó fi gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ sórí, lójú àwọn tó wá wò ó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò lè lé mi.

Eyínfúnjowó ní, “Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìgò tí ẹ gbé wá kì í ṣe ti Kóòṣì, ta ló tún máa gba omi lọ́wọ́ yín? Èmi ti tán lórí pápá, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin ẹ má tán.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.”

Ó sì pa á mọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jí, á kí mi, “Ìyàwó wa, ẹ káàárọ̀.” Tó bá kan ọkọ mi, á dọ̀bálẹ̀ torí pé a kọ́ ọ dáadáa, á dìde, á kọjá. Kò ní la ẹnu. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ọkọ mi ti da omi síwájú látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ gbígbẹ ló wá ń tẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Àdúgbò kò ràn wá lọ́wọ́. Àwọn tó ń yọ̀ mọ́ ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rù, ìyẹn ojo. Àwọn ọ̀dọ́ ilé ìkẹ́rùsí kọ ọ́ sára ògiri níbi tó ti ń já ẹrù. Mo lọ pa á rẹ́ fúnra mi pẹ̀lú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, mo sì bá gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ wí dé ìran ìyá wọn. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún wọn. Tí mo bá sọ ọ́, ohun tí ọmọ náà fi orúkọ rẹ̀ rà máa bàjẹ́. Mo gbé e mì bí oògùn kíkorò.

Ọkọ mi ní òun kò gbé omi mọ́. Mo ní kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ní àbúrò rẹ̀ tó gba iṣẹ́ yẹn là fún un san ohun tó pọ̀ lórí ẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ṣòfò. Ó ṣì ń gbé e dòní, ní ìpele ìsàlẹ̀, lórí pápá tí koríko rẹ̀ dé orúnkún. Kóòṣì náà ṣì wà níbẹ̀, torí pé ẹlòmíràn ò fẹ́ iṣẹ́ náà. Tí Olómi bá na ìgò, wọ́n ń gbà á, wọ́n sì ń gbà á gbọ́. Tó bá wálé lẹ́yìn eré, á fọ ìgò méjèèjì, á dojú wọn bolẹ̀ kí wọ́n gbẹ, kò ní sọ bí eré ṣe lọ fún mi títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Eyínfúnjowó kò dúró pẹ́. Àbúrò ìyá wọn kan wà ní ìlú mìíràn, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó ní kó máa bọ̀ wá bá òun jókòó ti ìsọ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè tún eegun náà ṣe sì wà nítòsí ibẹ̀. Kò dá a lójú pé ọwọ́ náà máa padà jí. Ní àárọ̀ tó ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láì sọ̀rọ̀, ó dì mọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú àlàfo eyín rẹ̀, ó gbé báàgì, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọkọ mi lọ sí ojú fèrèsé, ó gbé kọ́tìnì díẹ̀. Mo lọ dúró tì í. Òpópónà gùn nísàlẹ̀, kò sí èrò lórí ẹ̀. A rí i tó jáde lẹ́nu géètì. Kò wo ẹ̀yìn. Báàgì ń yọ̀ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó dúró, ó gbé e sí ọ̀tún, ó tún ń lọ. Ìbínú wà lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn lè rí i láti òkè. Mo fi ọwọ́ kan èjìká ọkọ mi, ó ń gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún.

Ó ní, “Wo bó ṣe ń rìn.”

Mo wò ó, mo rántí ọ̀rọ̀ dókítà. Ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ilẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ rí wa mọ́ láé. A jọ dúró síbẹ̀, a ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi yà ní ìkóríta.